Kọ́mà kì í ṣe oorun, kì í sì í ṣe ikú: Kí ni dókítà ń wò kí wọ́n tó dárúkọ rẹ̀?

Ní Iware, bó ṣe rí náà ní Fiditi, Ilora àti gbogbo agbègbè Afijio, bí ènìyàn bá ṣubú tí kò dìde mọ́, tí wọ́n pè é títí tí kò dáhùn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó pé lé e lórí. Ẹnìkan á ní ó dákú. Ẹlòmíì á ní ẹ jẹ́ kó sùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹnì kẹta, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọ̀kadà ló gbá a, á ti káwọ́ lérí pé ó ti lọ. Ọ̀rọ̀ kẹrin, ìyẹn kọ́mà, ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sábà máa ń gbọ́ ọ, nígbà tí àsìkò bá ti lọ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé orúkọ tí àwọn ará ilé bá pe nǹkan náà ni wọ́n máa tẹ̀lé. Bí wọ́n bá pè é ní ìdákú, omi tútù ni wọ́n á sáré lọ bù. Bí wọ́n bá pè é ní oorun, wọ́n á da aṣọ bò ó. Bí wọ́n bá pè é ní ikú, ẹkún ló kù. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọ̀pọ̀ ohun tó ń fa kọ́mà, wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń sọ bóyá aláìsàn náà á padà wá sílé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìtumọ̀ kọ́mà kì í ṣe àdììtú. Àwọn oníṣègùn ti ṣe ìwọ̀n fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ìwọ̀n náà kò sì gba ẹ̀rọ kankan, kò gba iná mànàmáná. Ojú, etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ní abúlé lè ṣe é bí ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà ní UCH, Ìbàdàn, ṣe ń ṣe é.

Kí ni kọ́mà gan-an?

Ní ọdún 1966, dókítà ọpọlọ méjì ní Amẹ́ríkà, Fred Plum àti Jerome Posner, kọ ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣì ń kà títí di òní. Kókó ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni tó wà ní kọ́mà ni ẹni tí ojú rẹ̀ pa dé, tí kò ṣeé jí, tí kò sì mọ ara rẹ̀ tàbí ohun tó yí i ká, bó ti wù kí wọ́n pè é tàbí kí wọ́n gbọ̀n ọ́n tó.

Nǹkan méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Èkíní ni pé kéèyàn lajú. Èkejì ni pé kéèyàn mọ ohun tó ń lọ. Ẹni tó wà ní kọ́mà ti pàdánù méjèèjì.

Kó lè yé èèyàn dáadáa, ẹ wo iná inú ilé. Kí gílóòbù tó lè tàn, iná gbọ́dọ̀ wọlé láti orí òpó, gílóòbù náà sì gbọ́dọ̀ pé. Nínú orí ọmọ ènìyàn, ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tó dà bí okùn iná tó ń ti orí òpó wọlé. Ibẹ̀ ló ń jẹ́ ká lajú. Apá òsì àti apá ọ̀tún ọpọlọ tó wà lókè ló wá dà bí gílóòbù inú àwọn yàrá. Bí okùn tó ń gbé iná wọlé bá já, gbogbo ilé ṣókùnkùn. Bí gbogbo gílóòbù bá jó lẹ́ẹ̀kan náà, bákan náà ni. Àmọ́ bó bá jẹ́ gílóòbù yàrá kan ṣoṣo ló jó, ilé kò ní ṣókùnkùn tán. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní apá kan fi máa ń lajú sílẹ̀, tó ń wo èèyàn, bí apá àti ẹsẹ̀ kan kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́.

Báwo ni kọ́mà ṣe yàtọ̀ sí oorun? Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó sùn là á jí. Oorun kò le tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò ní lè jí ẹni tó ń sùn. Ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tí wọ́n fọwọ́ tọ́, tí wọ́n ta jí, tí kò jí, oorun kọ́ nìyẹn mọ́. Ó yàtọ̀ sí ìdákú náà. Ẹni tó dákú lásán, bíi ẹni tó dúró pẹ́ nínú oòrùn níbi òde, á ta jí fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nítorí èyí, àwọn oníṣègùn ní ipò náà gbọ́dọ̀ tó wákàtí kan kó tó lè jẹ́ kọ́mà nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí yìí o. Wákàtí kan yẹn, ìwé ló wà fún, kò wà fún ará ilé. Kò sí dókítà tó ní kí wọ́n jókòó ti aláìsàn fún wákàtí kan kí wọ́n tó wá mọ́tò.

Ojú, ẹnu, ọwọ́: àmì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Kó tó di ọdún 1974, bí dókítà kan bá fẹ́ ṣàlàyé aláìsàn fún èkejì, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń lò: ó rọ díẹ̀, ó wúwo, ó jinlẹ̀. Ohun tí ẹni kìíní pè ní jíjinlẹ̀, ẹnì kejì lè pè é ní rírọ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, Graham Teasdale àti Bryan Jennett, tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ìlú Glasgow, lórílẹ̀-èdè Scotland, gbé ìwọ̀n tuntun jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tó ń jẹ́ Lancet. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Ṣé ó lajú? Ṣé ó sọ̀rọ̀? Ṣé ó gbé ọwọ́?

Ojú ní àmì mẹ́rin. Ẹni tó lajú fúnra rẹ̀ gba mẹ́rin. Ẹni tó lajú nígbà tí wọ́n pè é gba mẹ́ta. Ẹni tó jẹ́ pé ìrora ló mú un lajú gba méjì. Ẹni tí kò lajú rárá gba ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ní àmì márùn-ún. Ẹni tó mọ orúkọ ara rẹ̀, tó mọ ibi tó wà àti oṣù tí wọ́n wà, gba márùn-ún. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àmọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú gba mẹ́rin. Ẹni tó ń ju ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ láìnítumọ̀ gba mẹ́ta. Ẹni tó kàn ń kérora gba méjì. Ẹni tí kò fọhùn gba ọ̀kan.

Ọwọ́ ló ní àmì tó pọ̀ jù, mẹ́fà ni. Bí wọ́n bá ní kó na ọwọ́ sókè tó sì nà án, mẹ́fà. Bí kò bá gbọ́ àṣẹ, àmọ́ tí wọ́n tẹ egungun tó wà lókè ojú rẹ̀ tó sì gbé ọwọ́ wá síbẹ̀ láti gbá ọwọ́ dókítà dànù, márùn-ún. Bó bá kàn fa ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tí wọ́n tẹ èékánná rẹ̀, mẹ́rin. Bí ọwọ́ bá ká wọ àyà lọ́nà tó ṣàjèjì, mẹ́ta. Bó bá nà gbọnrangandan, méjì. Bí kò bá mira, ọ̀kan.

Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá gba mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó kéré jù ni mẹ́ta, kò sí òdo níbẹ̀. Ẹni tí kò lajú, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan tó já gaara, tí kò sì tẹ̀lé àṣẹ, ó ti wà ní kọ́mà, àmì rẹ̀ kì í sì í sábà ju mẹ́jọ lọ. Láti mẹ́jọ wá sísàlẹ̀, ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ dókítà ni èémí, torí ahọ́n lè ṣubú dí ọ̀nà ọ̀fun, èébì sì lè gba ibi tí kò yẹ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ kíyè sí i pé títẹ èékánná tàbí egungun òkè ojú ni wọ́n ń fi ìrora ṣe. Kò sí gbígbá létí níbẹ̀, kò sí fífi ata sójú.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sì tó. Ohun tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ni bí nọ́ńbà náà ṣe ń lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kadà tó ń ná ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà láìdé akoto lè dìde, kó gbọn ara nù, kó bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, kó ní kò sí nǹkan tó ṣe òun. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà yẹn. Á délé, á ní orí ń fọ́ òun, á lọ sùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń rọra ya láàárín agbárí àti ọpọlọ, nọ́ńbà yẹn á máa já wálẹ̀ lójú oorun, ilẹ̀ á mọ́, wọn ò ní rí i jí. Bó bá jẹ́ pé ẹnìkan ń jí i wò lóòrèkóòrè, tó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń dàrú, iṣẹ́ abẹ lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là.

Ọmọ Awẹ tó gbé iṣẹ́ abẹ ọpọlọ wá sílé

Bí ìwọ̀n yìí tilẹ̀ ti Glasgow wá, ìtọ́jú orí tó fọ́ kì í ṣe àjèjì sí agbègbè Afijio. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní, Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, Awẹ ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1927. Ó kàwé ìṣègùn ní Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ó sì padà wá sí UCH ní Ìbàdàn ní ọdún 1962. Òun ló dá ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ọpọlọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ìlú London ló kú sí ní oṣù kẹjọ ọdún 1974, oṣù tó tẹ̀lé èyí tí ìwọ̀n Glasgow jáde. Ilé ìkàwé ìṣègùn ti Yunifásítì Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Nítorí náà, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí àwọn tó lè ṣí agbárí kí wọ́n sì yọ ẹ̀jẹ̀ tó dì ti wà ní Ìbàdàn. Ibi tí nǹkan ti ń wọ́ ni àárín ilé aláìsàn sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ sì ni mímọ ohun tí kọ́mà jẹ́ ti wúlò jù.

Gìrì, ibà àti ìtọ̀ màálù

Fún àwọn ọmọdé, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ọmọ ọdún méjì kò lè sọ oṣù tí wọ́n wà. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà tó ń tọ́jú ibà ní Blantyre, lórílẹ̀-èdè Malawi, Malcolm Molyneux àti Terrie Taylor pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, fi ṣe ìwọ̀n tiwọn fún ọmọdé ní ọdún 1989. Márùn-ún ni àpapọ̀ rẹ̀. Wọ́n á wò ó bóyá ojú ọmọ ń tẹ̀lé ojú ìyá rẹ̀, bóyá igbe rẹ̀ jẹ́ igbe ọmọ tí nǹkan dùn, àti bóyá ó gbé ọwọ́ lọ síbi tó ń dùn ún. Ọmọ tó gba méjì tàbí tó kéré sí i ti wà ní kọ́mà.

Ó yẹ kí ìwọ̀n Blantyre di mímọ̀ ní gbogbo ilé ìwòsàn alábọ́dé ní Nàìjíríà, nítorí gẹ́gẹ́ bí àjọ ìlera àgbáyé WHO ti sọ, nínú ẹni mẹ́rin tí ibà ń ṣe lágbàáyé, nǹkan bíi ọ̀kan ń gbé ní orílẹ̀-èdè yìí. Èyí tó burú jù nínú ibà náà ni èyí tó gun orí. Ara ọmọ á gbóná, gìrì á mú un, lẹ́yìn gìrì kò ní jí mọ́.

Òótọ́ ni pé ọmọ tí gìrì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ máa ń sùn díẹ̀. Àmọ́ bó bá ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan tí kò tíì lajú wo ìyá rẹ̀, àwọn dókítà kò ní pè é ní oorun gìrì mọ́. Ibà tó gun orí ni wọ́n á kọ́kọ́ fura sí, abẹ́rẹ́ artesunate sì ni WHO ní kí wọ́n fún un. Bákan náà ni wọ́n á wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ibà líle máa ń jẹ ṣúgà ara ọmọ tán. Kọ́mà tí àìtó ṣúgà fà, omi ṣúgà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fà sí iṣan lè là á kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ọpọlọ á bàjẹ́.

Níbí ni ọ̀rọ̀ àgbo ìtọ̀ màálù ti wọlé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn kan ti ń po ìtọ̀ màálù pọ̀ mọ́ ewé tábà, aáyù, efinrin, àlùbọ́sà àti ọsàn wẹ́wẹ́ láti fi tọ́jú gìrì. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ láti nǹkan bíi àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dá èémí lọ́wọ́ kọ́. Ẹ gbé e wò: ọmọ tí ibà ti jẹ ṣúgà ara rẹ̀ tán, wọ́n tún rọ ohun tó ń jẹ ṣúgà sí i lẹ́nu, nígbà tí kò tilẹ̀ lè gbé nǹkan mì. Ọmọ tí ìbá jí lẹ́yìn gìrì lè tipa bẹ́ẹ̀ wọ inú kọ́mà. Ìfẹ́ ọmọ ló ń mú àwọn òbí ṣe é, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò dí ọ̀nà ọ̀fun kó má ṣe pa ọmọ lára.

Kí ni dókítà ń wá kiri?

Kọ́mà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Àmì ni, bí ara gbígbóná ṣe jẹ́ àmì. Nígbà tí dókítà bá ti ka nọ́ńbà tán, iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun àkọ́kọ́ ni èémí àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀. Ohun tó tẹ̀lé e ni ṣúgà. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè wọ kọ́mà bí ṣúgà bá lọ sókè jù, ó sì lè wọ̀ ọ́ bí ó bá lo oògùn láìjẹun tí ṣúgà wá já wálẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ orí ìka wọ̀n ún ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni tọ́ọ̀ṣì. Dókítà á tan iná sí ọmọlójú aláìsàn. Ó yẹ kí méjèèjì sún kì lójú iná. Bí ọ̀kan bá tóbi tí kò sún kì mọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ tàbí wíwú máa ti ọpọlọ. Bí méjèèjì bá kéré bí ojú abẹ́rẹ́, wọ́n á ronú nípa oògùn bíi tramadol, tàbí oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fín oko àti ilé. Wọ́n á fi òwú fọwọ́ kan ẹyinjú bóyá á ṣẹ́jú. Wọ́n á wò ó bóyá ọrùn le, torí àrùn yírùnyírùn. Bó bá jẹ́ aboyún tí gìrì mú, ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ pé yàrá tí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí rẹ̀ ni wọ́n ti gbé e jáde, èéfín ni. Bí kò bá sí ìdáhùn tàbí bó bá jẹ́ ìjàǹbá, wọ́n á ní kí wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀.

Nínú gbogbo èyí, ohun tí dókítà kò lè rí fúnra rẹ̀ ni ìtàn. Ìgbà wo ló ṣubú? Ṣé ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀? Kí ló jẹ, kí ló mu, oògùn wo ló ń lò? Ará ilé tó bá kó páálí oògùn dání wá, tó sì sọ òtítọ́ nípa ohun tí wọ́n ti fún un mu, ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń ní "ọtí ló mu" náà gbọ́dọ̀ rọra. Ọ̀mùtí náà lè ṣubú kó fi orí gbá kọnkéré. Dókítà tó mọ iṣẹ́ kì í di ẹ̀bi ru ọtí títí yóò fi yẹ gbogbo nǹkan tó kù wò.

Ṣé èèyàn lè wà ní kọ́mà fún ọdún mẹ́jọ?

Nígbà tí Ariel Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, ní àrùn rọpárọsẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2006, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ló ń kọ ọ́ pé ó wà ní kọ́mà títí tó fi kú ní oṣù kìíní ọdún 2014. Lójú àwọn oníṣègùn, kọ́mà gidi kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lọ. Tó bá fi máa tó ìgbà yẹn, aláìsàn á ti máa bọ̀ sípò, tàbí kó kú, tàbí kó bọ́ sí ipò mìíràn níbi tí ojú ti là, tó ń sùn tó ń jí, àmọ́ tí kò sí àmì pé ó mọ nǹkan kan. Bryan Jennett ti Glasgow yẹn náà, pẹ̀lú Fred Plum, ni wọ́n sọ ipò yìí lórúkọ ní ọdún 1972.

Ipò kan tún wà tó ń tan èèyàn jẹ. Ní ọdún 1995, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu oníròyìn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Dominique Bauby. Kò lè gbé apá, kò lè gbé ẹsẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ orí rẹ̀ pé, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ìpéǹpéjú òsì nìkan ló lè ṣẹ́, òun ló sì fi pe ọ̀rọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí tí odidi ìwé fi jáde ní ọdún 1997. Kọ́mà kọ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí dókítà fi gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí kò mira pé kó ṣẹ́jú tàbí kó gbójú sókè, kó tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine lórí àwọn tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́. Nínú 241 tí kò dáhùn àṣẹ kankan lójú dókítà, ẹ̀rọ fi hàn pé ọpọlọ 60, ìyẹn ọ̀kan nínú mẹ́rin, ń gbìyànjú láti tẹ̀lé àṣẹ náà. Ẹ̀rọ yẹn kò sí ní abúlé, àmọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò gbówó lórí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó ti aláìsàn máa sọ̀rọ̀ pínpín ogún.

Kọ́mà tún yàtọ̀ sí kí ọpọlọ kú. Láti ọdún 1968 tí ìgbìmọ̀ Yunifásítì Harvard ti gbé ìlànà kalẹ̀ ni àwọn dókítà ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú kò lè mí fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá dá ẹ̀rọ amúnimí dúró, ọmọlójú rẹ̀ kò gbọ́ iná, kò sì sí ìpadàbọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó wà ní kọ́mà ń mí, ó sì lè jí.

Nígbà tí kọ́mà di ọ̀rọ̀ ìjọba

Kò tíì sí ìgbà tí ọmọ Nàìjíríà jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí tó ti ìgbà Ààrẹ Umaru Yar'Adua. Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n gbé e lọ sí ìlú Jeddah ní Saudi Arabia. Dókítà rẹ̀ ní awọ tó bo ọkàn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn kan ń ní ó ti wà ní kọ́mà, àwọn kan ní ó ti kú, àwọn ìjọba ní ara rẹ̀ ń yá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, BBC gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà fọwọ́ sí i kí Goodluck Jonathan di adelé ààrẹ. Wọ́n gbé Yar'Adua padà wá lóru ọjọ́ 24 oṣù kejì, ó sì kú ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún.

Tí wọ́n bá fi ojú ìwọ̀n Glasgow wò ó, ẹni tó dáhùn ìbéèrè lórí fóònù kò sí ní kọ́mà ní wákàtí yẹn. Àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa àná rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan nípa ọ̀la. Ohùn orí rédíò kì í ṣe àyẹ̀wò. Òfin fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè bóyá ààrẹ wà ní kọ́mà. Ìpín 144 ìwé òfin ọdún 1999 ní kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ dìbò, kí oníṣègùn márùn-ún, tí dókítà ààrẹ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, sì sọ bóyá ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọn kò gbé ìgbìmọ̀ yẹn kalẹ̀. Àwọn ará ìlú ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, nígbà tí kò sẹ́ni tó fún wọn ní nọ́ńbà kan. Àtúnṣe òfin tó wáyé ní ọdún 2010 lẹ́yìn náà sọ pé bí ààrẹ bá kọjá ọjọ́ 21 láìkọ̀wé, ilé aṣòfin lè ní kí igbákejì bọ́ sípò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abuja ló ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní ìpele ẹbí. Àwọn ẹbí á jókòó síta ilé ìwòsàn, àhesọ á máa rìn láàárín wọn: ó ti jí, kò tíì jí, wọ́n ń gba owó lásán ni.

Kí ló kàn fún Afijio?

Ohun tó ń fẹ́ ṣíṣe pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti ará ilé ni àkọ́kọ́. Ẹni tí wọ́n pè tí kò dáhùn, kí wọ́n wò ó bóyá ó ń mí, kí wọ́n yí i fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí itọ́ àti èébì lè jáde, kí wọ́n má ṣe rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ omi, àgbo tàbí adé-àgbọn. Bó bá jẹ́ ìjàǹbá ọkọ̀, kí orí àti ọrùn wà ní títọ́, kí wọ́n má há a sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà. Nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ni 122.

Ti ilé ìwòsàn ni èkejì. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní ìpín 20, sọ pé kò sí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn tó gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá kọ̀. Ọ̀pọ̀ aláìsàn kò mọ̀ pé òfin yìí wà, nítorí náà wọn kì í lè dárúkọ rẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń béèrè owó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tó ń kú lọ.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìjọba, kò sì wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ayàwòrán orí wá sí Iware. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà pẹ̀lú ìwé rẹ̀, omi ṣúgà, abẹ́rẹ́ artesunate, tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ kò kú, àti ìwé ìwọ̀n Glasgow àti ti Blantyre lára ògiri. Pẹ̀lú èyí, ilé ìwòsàn alábọ́dé lè mọ kọ́mà, kó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kó sì kọ nọ́ńbà sínú ìwé kí wọ́n tó gbé aláìsàn lọ sí Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn. Dókítà tó bá gbà á níbẹ̀ á mọ̀ bóyá ó ń yá ni tàbí ó ń bàjẹ́.

Àwọn ẹbí náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ nọ́ńbà yẹn. Dípò kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè lábẹ́ igi bóyá ó ti jí, ìbéèrè méjì ló wà fún nọ́ọ̀sì: mélòó ló gbà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, mélòó ló wà báyìí?